Ẹ̀rọ Tí Ń Wa Bitcoin Nínú Ilé: Ẹ Jẹ́ Ká Ṣírò Rẹ̀ Kí A Tó Yáwó Rà Á

  

Nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ tó kọjá, ìwé mẹ́ta wà lórí tábìlì nínú àwọn ìwé tí a fi ń tọrọ ẹ̀yáwó, tí irú wọn kò tíì dé ọwọ́ mi rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Kì í ṣe owó gàrí, kì í ṣe owó aṣọ, kì í ṣe owó ilé-ìwé ọmọ. Owó ẹ̀rọ tí ń wa Bitcoin ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló kọ méjì nínú rẹ̀. Ẹni kẹta ni ìyá kan tó ń ta ẹlùbọ́, tó ti ń dá owó pẹ̀lú wa fún ọdún mọ́kànlá láì fo oṣù kan. Ó fẹ́ yá N600,000, kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lè ra ẹ̀rọ àlòkù méjì tí wọ́n ń pè ní Antminer S9, kí wọ́n sì fa wáyà tó nípọn wọ yàrá. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjì ti buwọ́ lùwé: télọ̀ kan, àti obìnrin kan tó ń ta ata. Bí ìyá yìí kò bá rí owó san, inú owó ìfipamọ́ àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ yóò ti yọ ọ́. Bí òfin wa ṣe wí nìyẹn, gbogbo wa la sì jọ fọwọ́ sí i.

Alága ní kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè kà á kí a tó pàdé. Èrò tèmi ni mò ń kọ yìí o, kì í ṣe ìpinnu ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kí ó mú un wá sí ìpàdé, àyè wà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo fẹ́ máa ṣe bí ọlọ́gbọ́n lórí àwọn èwe. Ní ọdún 2016, èmi fúnra mi kó N80,000 sínú ètò kan tó gbòde nígbà náà, tí wọ́n ní owó yóò máa bí owó lóṣooṣù. Kí Kérésìmesì ọdún náà tó dé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Ìyàwó mi kò mọ̀ títí di oṣù kejì. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ kì í ṣe owó náà. Ohun tó dùn mí ni pé èmi tí mò ń ṣírò owó ẹgbẹ́ lójoojúmọ́, mi ò mú bírò ṣírò ti ara mi. Ohun tí mi ò ṣe nígbà náà ni mo jókòó ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ WÍWA BITCOIN?

Ẹ gbọ́ ná. Bitcoin kì í ṣe owó èlé, kì í ṣe ètò bí èyí tí mo bọ́ sí yẹn. Owó kan ni tí kò ní bébà, tí kò sì ní báńkì ìjọba lẹ́yìn. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù January 2009. Títí di òní, a kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ojú inú wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa, èyí tí mo máa ń gbé wá sí ìpàdé. Èmi nìkan ni mò ń kọ ọ́, ẹ̀yin sì gbà mí gbọ́. Ti Bitcoin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà ìwé kan náà lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹnì kan gbọ́dọ̀ kún ojú ewé tuntun kan. Ta ni yóò kún un? Gbogbo àwọn tó ní ẹ̀rọ ni yóò máa méfò nọ́ńbà kan, bí ìgbà tí ènìyàn ń ta lọ́tìrì, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ bọ́ sí i ni yóò kún ojú ewé náà, òun ni yóò sì gba ẹ̀bùn Bitcoin tuntun. Mímefò yìí ni wọ́n ń pè ní wíwa. Ẹ̀rọ kò wa ilẹ̀, kò wa wúrà. Ó kàn ń jẹ iná, ó ń méfò. Bí ó bá ṣe lè méfò tó ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a ó lò níhìn-ín ni terahash. Terahash kan jẹ́ mímefò ẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2009, ẹ̀bùn ojú ewé kan jẹ́ Bitcoin 50, kọ̀ǹpútà lásán tó wà nínú yàrá ènìyàn sì lè gbà á. Ibẹ̀ ni ìtàn àwọn tó di olówó ti wá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣètò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀bùn náà yóò máa pín sí méjì ní bí ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ní 2012 ó di 25. Ní 2016 ó di 12 àti ààbọ̀. Ní 2020 ó di 6.25. Ní oṣù April 2024 ó di 3.125, yóò sì tún pín sí méjì ní nǹkan bí ọdún 2028. Láti ọdún 2013 pẹ̀lú ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju mímefò yìí lọ, kọ̀ǹpútà ilé sì ti kúrò nínú eré náà pátápátá.

ÌKÒKÒ KAN NI GBOGBO AYÉ Ń BÙ NÍNÚ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ ata ṣàpèjúwe. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá yáwó ra ẹ̀rọ ata, ata tí àwọn aládùúgbò bá gbé wá ló máa lọ̀. Bí àdúgbò bá gbòòrò sí i, ata yóò pọ̀ sí i. Bí òun bá tún jí ní kùtùkùtù, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, oníbàárà yóò pọ̀ sí i.

Bitcoin kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú ewé 144 ni wọ́n ń kún lóòjọ́, ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 3.125. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ Bitcoin 450 lójúmọ́ kan fún gbogbo ayé. Bí ẹ̀rọ mẹ́wàá ló ń wa á, 450 ni. Bí ẹ̀rọ mílíọ̀nù mẹ́wàá ló ń wa á, 450 náà ni. Bí àwọn ẹ̀rọ bá pọ̀ tí wọ́n sì ń yára jù, ètò náà fúnra rẹ̀ yóò mú kí mímefò náà le sí i lẹ́yìn ojú ewé 2,016, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ni, kò ní tóbi sí i, àwọn tó ń bù níbẹ̀ ló ń pọ̀.

Ta sì ni àwọn tí a jọ ń bù ú? Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Texas ni, tí wọ́n to ẹ̀rọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún sínú ọgbà kan. Àwọn mìíràn wà ní Ethiopia, tí wọ́n ń lo iná tí omi ń gbé jáde, tí wọ́n sì ń san owó pọ́ọ́kú fún yúnìtì kan. Àwọn ni ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fẹ́ bá dù ú láti inú yàrá kan.

Ní apá ìparí ọdún 2025, agbára gbogbo ẹ̀rọ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí láyé ti tó bílíọ̀nù kan terahash. Ẹ má gbàgbé nọ́ńbà yìí o, òun ni a ó fi ṣe gbogbo ìṣirò wa.

ÀWỌN Ẹ̀RỌ TÍ WỌ́N Ń GBÉ KIRI

Èkíní ni fóònù. Fóònù kò lè wa Bitcoin, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí ó yé wa. Áàpù tí wọ́n ní kí ẹ máa tẹ̀ láàárọ̀ láàárọ̀, nǹkan mìíràn ló ń fún yín, kì í ṣe Bitcoin.

Èkejì ni ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní NerdMiner, tó ní ojú bí aago. Ó dára fún ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ mọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ jọ, agbára wọn kò tó terahash kan.

Ẹ̀kẹta ni Bitaxe. Ẹ̀rọ gidi ni èyí, kò ju kí ó wọ àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọn kò sì fi àwòrán bí wọ́n ti ń ṣe é pamọ́, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ lè tò ó fúnra rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gamma ń ṣe nǹkan bí terahash 1.2, ó sì ń jẹ iná wáàtì 18 tàbí kó dín díẹ̀. Gílóòbù kan náà kò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni Antminer S9, èyí tí ìyá wa fẹ́ yáwó rà. Ọdún 2016 ló jáde, ó sì jọba nígbà ayé rẹ̀. Terahash 13 àti ààbọ̀ ni, ó ń jẹ nǹkan bí wáàtì 1,320, bí áyọ́ọ̀nù tí a kò yọ kúrò nínú iná tọ̀sán tòru. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń kó o dà nù, ìdí nìyẹn tó fi ń dé ọ̀dọ̀ wa ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn tuntun bí Antminer S21: terahash 200, wáàtì 3,500. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni irú èyí.

Ẹ MÚ BÍRÒ

Iye tí wọ́n ń ta Bitcoin kì í dúró lójú kan, dọ́là náà kì í dúró. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mú iye tó rọrùn ṣírò: ká ní Bitcoin kan jẹ́ $100,000, ká ní dọ́là kan jẹ́ N1,500. Bitcoin kan di N150,000,000 nìyẹn. Ẹ fi Bitcoin 450 pín fún terahash bílíọ̀nù kan, ẹ sọ ọ́ di náírà. Ohun tí terahash kan yóò rí lóòjọ́ jẹ́ N67 àti kọ́bọ̀ 50. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ṣe Band A ní oṣù April 2024, N225 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yúnìtì kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí bíi N209 lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ń le jù, ẹ jẹ́ ká fi N200 ṣírò. Ẹ sì jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé iná kì í lọ rárá.

Bitaxe: yóò rí N81 lóòjọ́, yóò jẹ iná N86. Ó fi N5 jẹ gbèsè.

S21: yóò rí N13,500, yóò jẹ iná N16,800. Ó fi N3,300 jẹ gbèsè lójúmọ́, a kò sì tíì dárúkọ owó tí a fi rà á.

S9: yóò rí N911, yóò jẹ iná N6,350 tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀kejì. Bí ìgbà tí ènìyàn bá ra kọ́ńgò ẹlùbọ́ kan ní N6,350, tó wá tà á ní N911, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ títí kan ọjọ́ Sunday.

Ẹ wá wo ti ìyá wa. Ẹ̀rọ méjì ni. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn méjèèjì yóò mú nǹkan bí N54,700 wọlé. Iná wọn yóò jẹ́ nǹkan bí N381,000. Ẹ̀yáwó N600,000 pẹ̀lú èlé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ N660,000, tí a bá pín in sí oṣù méjìlá, N55,000 ni yóò máa san fún ẹgbẹ́ lóṣù. Bí iná bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, bí NẸ́PÀ bá ní òun dárí jì í, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà bá pa kò ní tó san owó ẹgbẹ́, yóò ku N300 lóṣooṣù. Pẹ̀lú owó iná wá ńkọ́? Ẹlùbọ́ ni yóò máa san án. Bí ẹlùbọ́ bá sì kọ̀, télọ̀ àti aláta ni.

Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ìṣirò tèmi gbọ́, mo fún un ní òṣùwọ̀n kan tí yóò máa gbé kiri. Bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ bá dé, ẹ má bi í léèrè pé "èló ló ń pa lóṣù?" nítorí ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ bi í pé: "Wáàtì mélòó ló ń jẹ fún terahash kan?" Ẹ fi terahash rẹ̀ pín wáàtì rẹ̀. Ti S9 yóò jẹ́ 98. Ti S21 jẹ́ 17 àti ààbọ̀. Ti Bitaxe jẹ́ 15. Pẹ̀lú iye tí a fi ṣírò lókè yìí, ẹ̀rọ tó bá ju 14 lọ, àdánù ni lórí iná N200. Àwọn tuntun kan wà tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, bí Antminer S21 XP tó jẹ́ 13 àti ààbọ̀. Èrè rẹ̀ lórí N200 jẹ́ nǹkan bí N730 lóòjọ́. Bí iná bá sì di N209, èrè náà ti parí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là rà nìyẹn o.

Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀, kí ó má wulẹ̀ fi bírò rẹ̀ ṣòfò.

OHUN TÍ ALÁTÀ KÌ Í SỌ

Ọmọ ìyá wa fi ìwé kan hàn mí tí ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ náà kọ fún un. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrè oṣù kan jẹ́ N150,000. Mo wo ìwé náà sókè sísàlẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n kọ owó iná sí. Mo bi ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Akọ̀wé, wọ́n ní iná tí a kì í fi mítà kà ni kí á lò."

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo wa. Ilé tí ọmọ yìí ń gbé, yàrá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, bíìlì iná kan ni wọ́n sì jọ ń pín san. Bí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ N381,000 lóṣù nínú yàrá kan, yàrá mẹ́sàn-án tó kù ni yóò bá a san án. Opó kan wà nínú ilé yẹn tí kò ní ju gílóòbù kan àti fáànù lọ. Òun ni yóò máa wa Bitcoin fún ẹlòmíràn láì mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fa wáyà kọjá mítà, olè ni, kò ní orúkọ mìíràn. A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Òwò tó jẹ́ pé àfi bí a kò bá san owó iná ni yóò tó mú èrè wá, òwò náà ti sọ fún wa pé òun kì í ṣe òwò.

Lẹ́yìn èyí, ariwo wà. S9 ń pariwo ju fáànù mẹ́wàá lọ, ènìyàn kò lè sun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ooru wà. Gbogbo iná tí ẹ̀rọ yìí bá jẹ, ooru ló ń sọ ọ́ dà, nínú ilẹ̀ wa tí ooru ti tó wa jẹ. Eruku ọyẹ́ yóò dí fáànù rẹ̀. Iná NẸ́PÀ tó ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, yóò pa bọ́ọ̀dù rẹ̀. Àlòkù sì ni, kò sí gàràńtì, ẹni tó lè tún un ṣe kò pọ̀. Bí wáyà ilé kò bá lè gbé e, iná lè jó ilé. Ìyẹn kì í ṣe ìdẹ́rùbà, ẹ̀yin náà mọ irú wáyà tó wà nínú àwọn ilé wa.

Ẹni tó bá sì fi Bitaxe kan dá dúró láìdara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wa á, tó ní òun fẹ́ gba odindi ojú ewé kan, ó ń ta lọ́tìrì ni. Òótọ́ ni pé àwọn díẹ̀ ti fi irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ rí ojú ewé kan, ìròyìn wọn sì tàn káyé. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀, ẹ̀rọ terahash 1.2 kan yóò rí i lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún yẹn ti jìnnà jù. Ẹni tó bá sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yóò máa rí díẹ̀díẹ̀ gbà bí ìgbà tí a ń pín èrè àjùmọ̀ní, wọn yóò sì yọ owó iṣẹ́ wọn níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé ẹ má ra ẹ̀rọ, ẹ kó owó wá, àwọn yóò máa bá yín wa á ní òkè òkun. Ẹ̀rọ tí ẹ kò fojú rí, tí ẹ kò fọwọ́ kàn, ṣé ẹ ní ẹ̀rọ ni àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹnu? Èmi ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ yẹn fún gbogbo wa ní 2016.

KÍ Á MÁ ṢE Ẹ̀TÀN SÍ ẸNIKẸ́NI

Ó yẹ kí n sọ apá kejì. Àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì tó kọ ìwé kò ya òmùgọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ra Bitaxe, ó sì sọ fún mi pé òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni, pé òun fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń so bọ́ọ̀dù. Mo gbóríyìn fún un. Bí ó bá ní owó ara rẹ̀ tí kò ní fi jẹun, kí ó rà á. Ẹ̀kọ́ níye lórí. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe owó òwò. Ká ní ó dé ọwọ́ rẹ̀ ní N250,000, bí iná bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, N81 lóòjọ́ yóò lo ju ọdún mẹ́jọ lọ kó tó pé, ẹ̀bùn ojú ewé yóò sì ti pín sí méjì lẹ́ẹ̀mejì kó tó di ìgbà náà.

Èkejì ní òun ní sólà lórí ilé, iná ọ̀sán sì máa ń ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ tó ní làákàyè nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ràn fún wákàtí mẹ́fà, ìdámẹ́rin ọjọ́ nìyẹn, ìdámẹ́rin owó náà ni ẹ̀rọ yóò pa. Bitaxe yóò wá pa N20 lóòjọ́. Firíìsà kékeré tó ń mú omi tutù tà lórí iná sólà kan náà yóò pa ju bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹnì kan bi mí pé: "Bí iye Bitcoin bá di ìlọ́po méjì ńkọ́?" Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè já wálẹ̀, ó ti ṣe méjèèjì rí. Bí ó bá gòkè, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yóò kó ẹ̀rọ sí i, ìpín terahash kan yóò sì kéré sí i. Ẹni tó bá dá a lójú pé yóò gòkè, kí ló dé tí kò fi owó ẹ̀rọ ra Bitcoin náà gan-an, kí ó tọ́jú rẹ̀? Kò ní jẹ iná, kò ní pariwo, kò sì ní bàjẹ́ nínú eruku. Èmi kò sọ pé kí ẹ rà á o, mi ò sì sọ pé kí ẹ má rà á. Ní ti òfin, báńkì àpapọ̀ wa dí ọ̀nà mọ́ àwọn báńkì lórí rẹ̀ ní oṣù February 2021, ó tú u sílẹ̀ ní oṣù December 2023, òfin ọdún 2025 sì ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àbójútó ìjọba. Kì í ṣe ohun èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà kọ́ ni gbogbo ohun tó ń mú èrè wá.

Ọmọ ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó wà ní Ìlú Ọba gbé irú ẹ̀rọ yìí sí yàrá. Ó ní ó ń mú yàrá òun móoru nígbà òtútù, owó tí òun ìbá fi ra iná ìmóoru náà ló ń jẹ. Ó bọ́gbọ́n mu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ló ń wá ooru rà?

ÈRÒ TÈMI

Èmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé yín, ohun tí mo máa sọ ní ìpàdé nìyí. Kí ẹgbẹ́ má yá ẹnikẹ́ni lówó láti ra ẹ̀rọ tí ń wa Bitcoin. Kì í ṣe nítorí pé nǹkan ayé òde òní ni. A ti yá ènìyàn lówó ra kọ̀ǹpútà, a ti yá ènìyàn lówó ra sólà, a ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí pé kò lè san ara rẹ̀ padà ni. Ẹ̀yáwó wa wà fún ohun tó lè bí owó tí yóò san gbèsè rẹ̀, kó sì tún kù fún ẹni tó yá a.

Èkejì, kí ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ yòówù tó ń jẹ iná máa kọ owó iná oṣù kan sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ ẹni tí yóò san án síbẹ̀. Ká ní òfin kékeré yìí ti wà tẹ́lẹ̀ ni, ìwé N150,000 yẹn kì bá tí dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀kẹta, kí onídùúró má buwọ́ lu ohun tí kò yé e. Mo bi télọ̀ náà pé kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ̀rọ kan ni." Mo bi aláta. Ó ní òun mọ ìyá náà láti kékeré. Ìfẹ́ dára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni yóò gba owó lọ́wọ́ yín, kì í ṣe ìfẹ́.

Ní ti ìyá wa, mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Thursday kan nígbà tí ọjà ti fẹ́ tú. Mo fi ẹ̀yìn páálí ṣírò rẹ̀ fún un, mo fi kọ́ńgò ẹlùbọ́ ṣàpẹẹrẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Akọ̀wé, èmi náà mọ̀ pé kò yé mi. Ọmọ náà ti jókòó sílé láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé ni. Mo kàn fẹ́ kí ó rí nǹkan ṣe ni." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kì í ṣe ojúkòkòrò ló gbé ìyá yìí dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé.

Nítorí náà, mi ò fẹ́ kí a kàn sọ pé "rárá" fún un kí a sì lọ. Mo fẹ́ dábàá pé kí ìgbìmọ̀ pe ọmọ náà wá pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ méjì yẹn, kí a bi wọ́n léèrè irú iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ nídìí iná àti ẹ̀rọ. Ẹni tó lè lóye bí Antminer ti ń ṣiṣẹ́ lè kọ́ bí wọ́n ti ń to sólà tàbí bí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, oníbàárà iṣẹ́ wọ̀nyí sì wà ní òpópónà wa. Irinṣẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tó N600,000, èmi fúnra mi yóò sì ṣe onídùúró kan.

Ẹ rántí ìtumọ̀ orúkọ tí à ń jẹ́: alájẹṣẹ́kù. À ń jẹ, ó sì ń ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ tó ń jẹ N6,350 láti mú N911 wá, kò mọ bí a ti ń ṣẹ́ kù. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fi kó owó rẹ̀ jọ lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ wa ni kí ó bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń fẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká pàdé ní ìpàdé gbogboogbò. Kí olúkúlùkù mú bírò rẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́